Bátìrì tó kú létí òkun Ìjẹ̀bú: àkọsílẹ̀ ìrìn àjò tọkọtaya kan nínú bọ́ọ̀sì onílé

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, Toyota HiAce ni, ẹnjíìnì pẹtiróòlù, jíà àfọwọ́yí. Tọkọtaya kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ín. Ọkọ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, ìyàwó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ní kí wọ́n yọ gbogbo àga ẹ̀yìn kúrò, wọ́n fi pákó kan bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé sílíńdà gáàsì kékeré, táǹkì omi 80 lítà, fíríìjì oní-12 fóòtì (volt) àti fáànù méjì sínú rẹ̀. Páńẹ́lì sóólà 150 wáàtì kan wà lórí òrùlé. Bátìrì méjì ló ní: ti ẹnjíìnì, 75Ah, àti èyí tó ń bọ́ ilé, 100Ah (Ah ni a fi ń ka iye iná tí bátìrì lè kó pamọ́). Ẹni tó ṣe iṣẹ́ iná rẹ̀ kì í ṣe ará ìlú wa, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni rewáyà tí wọ́n pè nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mọ̀lípà, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí mo ti ń tún ọkọ̀ tí ọkọ, tí mo ń pè ní bàbá, fi ń rìn láàárín ìlú ṣe.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé ìròyìn rẹ̀ ti ń yí padà ládùúgbò. Àwọn kan ní yanrìn ló gbé ọkọ̀ mì, àwọn kan ní òkun ló fẹ́ gbé e lọ. Méjèèjì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀daràn wá, ibòji igi àgbọn ni màá kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ni màá tó na ọwọ́ sí ohun kékeré kan tí owó rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní ni wọ́n gbéra, lásìkò ọyẹ́, tí òjò kò sí, tí òkun kì í sì í bínú tó bó ṣe máa ń bínú láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Èrò wọn ni pé kí wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ já sí Eléko, kí wọ́n wá máa tẹ̀lé etí òkun lọ sí ìlà-oòrùn, kọjá Àkọ́dó, Ọ̀rímẹ̀dú àti Lẹ̀kkí, títí wọ́n á fi padà wọ ìpínlẹ̀ Ògùn ní apá Òde-Omi, ní Ìjẹ̀bú Waterside. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ibẹ̀: òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì, igi àgbọn wà láàárín. Bí o bá ṣe ń lọ síwájú ni ọ̀nà ọ̀dà ń dínkù, títí tó fi máa ku yanrìn nìkan.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ẹ̀pẹ́ jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà. Apá ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ ilẹ̀ wa ní 1892: Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gúnlẹ̀, wọ́n sì bá àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú pàdé ní Ìmagbọn. Olùkọ́ ìtàn ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì lè gba ọ̀nà yẹn kọjá kó má sọ ọ́. Lẹ́yìn Eléko, tírélà ló gba ojú pópó, torí 2023 ni wọ́n ṣí èbúté Lẹ̀kkí àti ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀. Mọ́mì, ìyàwó bàbá, sọ fún mi pé títí wọ́n fi kọjá Àkọ́dó, òun ò rí òkun, ìdí tírélà lòun ń wò.

Ìlú Lẹ̀kkí gan-an ni wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe Lẹ̀kkí àwọn olówó Èkó o. Ohun tó gbé bàbá débẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1962, nígbà tí wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ò ní dé ìtòsí ibẹ̀ kó má yà. Wọ́n wo ohun tí wọ́n fẹ́ wò, Mọ́mì se ìkòkòrè lórí gáàsì, wọ́n tan fáànù méjèèjì, wọ́n sùn. Fíríìjì náà ò sinmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n dé abúlé apẹja kan tí mi ò ní sọ orúkọ rẹ̀, torí wọ́n ṣe wá lóore, wọn ò sì ní kí n bá wọn pe èrò. Baálẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fi ibi tí wọ́n lè gbé ọkọ̀ sí hàn wọ́n: ìta gbangba kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ilẹ̀ líle, kò sí igi lórí rẹ̀. Bàbá wo òrùn, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí àwọn lọ sábẹ́ àgbọn tó wà nítòsí òkun. Baálẹ̀ ní àgbọn a máa já lu orí èèyàn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n yan ibi tí igi kò ti ní èso púpọ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ síbẹ̀.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò fẹ́ sùn nínú páànù lábẹ́ òrùn oṣù kìíní? Àmọ́ ibi tí ara èèyàn ń wá kì í ṣe ibi tí páńẹ́lì ń wá. Irú páńẹ́lì tó wà lórí ọkọ̀ yẹn ní sẹ́ẹ̀lì 36, a sì tò wọ́n léra tí iná gbọ́dọ̀ ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí imọ̀ ọ̀pẹ tàbí imọ̀ àgbọn bá ṣíji bo díẹ̀ nínú wọn, kì í ṣe díẹ̀ ló máa dínkù nínú iná tó ń wọlé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa lọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á rí i pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀, á rò pé sóólà ń ṣiṣẹ́. Nǹkan tó ń wọ bátìrì wọn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo rò pé kò tó èyí tí fáànù kan máa lò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn náà ni Mọ́mì ra ṣawá tútù lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àwọ̀n gúnlẹ̀. Ó pọ̀, ó sì dínwó, ó kó o sínú fíríìjì títí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tì. Fíríìjì tí ẹ kó ẹja tó ṣì gbóná òrùn sí nínú, kò ní í dákẹ́ títí ẹja náà á fi tutù. Wákàtí lórí wákàtí ló fi ń kùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Tẹ́, tẹ́, tẹ́. Ó tún un yí. Tẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tiẹ̀ dún mọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e ló sọ ìṣòro kékeré di ńlá. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé bá wọn ti ọkọ̀ kó lè ṣáná. Lórí ọ̀dà, èyí ì bá ṣeé ṣe, torí jíà àfọwọ́yí ni. Ṣùgbọ́n nínú yanrìn ọkọ̀ kò lè sáré tó. Ni ẹnìkan bá dábàá pé kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òkun, torí ilẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ síbẹ̀, kó máa yí bọ̀ fúnra rẹ̀. Omi ń fà sẹ́yìn láàárọ̀ yẹn, etíkun wá gbòòrò, ó rí bí ibi tí kò séwu. Wọ́n tì í, ó yí, bàbá fi í sí jíà kejì, ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹnjíìnì ò gbà. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì di gan-in, wọ́n gbẹ́ yanrìn lọ bí ọkọ́ ẹni tó ń kọ ebè, ọkọ̀ sì jókòó. Ẹ̀yìn HiAce ló ń wakọ̀, ẹ̀yìn náà ni bẹ́ẹ̀dì, táǹkì omi àti bátìrì ilé wà. Ó rì dé ìdí áàsù.

Nígbà tí Baálẹ̀ dé, kò bínú, kò sì sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó kàn tọ́ka sí ìlà koríko òkun tó ti gbẹ sórí yanrìn. Ìlà yẹn ni ibi tí omi dé nígbà tó kún kẹ́yìn. Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú, omi á tún dé. Òkun ibí yìí ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín ìkún kan sí èkejì, kò sì sí apẹja tó nílò aago láti mọ̀ ọ́n.

Bàbá gun òkìtì yanrìn kan kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé, ó pè mí.

"Ọ̀gá rewáyà, bá mi wá nǹkan ṣe o. Ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ létí òkun."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́. Fíríìjì ń kọ́?"

"Ìyẹn ti kú láti òru. Kí ló wá kan fíríìjì nínú ọ̀rọ̀ ẹnjíìnì?"

Ìdáhùn yẹn ló fi ibi tí màá wò hàn mí. Bátìrì ilé ló ń bọ́ fíríìjì, bátìrì ẹnjíìnì ló ń ṣáná. Bí wọ́n bá yà wọ́n sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀kan lè kú, èkejì kò ní mọ̀. Tí méjèèjì bá kú lóru kan náà, a jẹ́ pé wọ́n so pọ̀ níbìkan.

Mo ní kí wọ́n tú omi inú táǹkì dànù, 80 kílò rèé lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n kó sílíńdà, àpótí àti mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà láti géèjì 45 tó wà wá sí bíi 18, kí táyà lè fẹjú lórí yanrìn. Kí wọ́n gbẹ́ yanrìn iwájú táyà kúrò ní gẹ̀ẹ́rẹ́, kí wọ́n tẹ́ imọ̀ àgbọn síbẹ̀. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gbé bátìrì tó kún sínú ọkọ̀, a wà á dé ibi tí ọ̀dà parí sí, a wá gun ọ̀kadà. Bátìrì wà lórí itan ọmọ iṣẹ́ mi, ó ń wúre fún ọlọ́kadà ní gbogbo kòtò.

Nígbà tí a fi máa dé, omi ti ń padà bọ̀. Mo fi mítà kan bátìrì ẹnjíìnì: 11.3 fóòtì. Mo fi kan ti ilé: 11.3. Bátìrì irú èyí, tó bá kún tó sì sinmi, á fi nǹkan bí 12.6 hàn, tó bá kù sí ìdajì, bíi 12.2, 11.3 ti kọjá òfìfo. Pé iye kan náà gan-an ni méjèèjì ń sọ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ò sí lára ọkọ̀, ìyẹn ló dá mi lójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àsìkò láti máa tú wáyà. Mo tú orí bátìrì ẹnjíìnì, mo gbé tèmi sí i.

Àwọn tó gba ọkọ̀ yẹn là, èmi kọ́, àwọn afàwọ̀n ni. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fa àwọ̀n láti inú òkun wá sórí iyanrìn lójoojúmọ́. Wọ́n mọ bí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣe ń fa ohun wúwo kan lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n so okùn àwọ̀n mọ́ ìkọ́ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n tò gùn ún, ẹnìkan ń lé orin, àwọn tó kù ń gbè é. Mo ní kí bàbá ṣáná, kó lo jíà kejì, kó má tẹ iná jù kí táyà má yí lásán. Ẹnjíìnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Orin ń lọ, okùn le, ọkọ̀ mì, ó gun imọ̀ àgbọn, ó tún fẹ́ jókòó, wọ́n fà á, ó kọjá ìlà koríko. A ò dúró níbẹ̀, ìta ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀ la dé, ibi tó ti kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Kí a tó fi pọ́ǹpù kún táyà tán, omi ti kún ihò tí táyà gbẹ́.

Bàbá na owó sí wọn, wọn ò gbà á. Ẹ̀yìn ìgbà tí a jókòó ni Baálẹ̀ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé epo ló wọ́n fún ẹnjíìnì ọkọ̀ ojú omi àwọn. Jálá pẹtiróòlù kan tó kún ni bàbá fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kejì.

Lálẹ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo wá ìsopọ̀ náà, mo sì rí i lábẹ́ àga awakọ̀: rìléè, ohun kékeré tó ń so bátìrì méjèèjì pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń já wọn nígbà tí wọ́n bá pa á. Irú èyí tí a ń lò fún fèrè tàbí iná iwájú ni wọ́n fi síbẹ̀, 30 ámpù ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Àwọn idẹ kékeré méjì tó yẹ kó máa pàdé kó sì máa pínyà ti yọ́ mọ́ra wọn, ẹ̀gbẹ́ wọn dúdú, àárín wọn ń dán. Mo fi ìdí sùkùrù kàn án. Ó dún "pọ́", wọ́n já. Mo tún fi mítà wò ó: fún ìgbà àkọ́kọ́, bátìrì ilé sọ iye tirẹ̀, èyí tó wà lápá kejì sì sọ ìyàtọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní Lẹ̀kkí, lóru Ọjọ́bọ̀, fáànù àti fíríìjì jẹ bátìrì ilé gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, rìléè ṣì dára, ẹnjíìnì gbà. Ṣùgbọ́n bí alternator, ẹ̀rọ tí ẹnjíìnì ń yí láti fi iná kún bátìrì, ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bátìrì tó ti gbẹ fa iná tó ju agbára rìléè lọ, idẹ rẹ̀ sì jó mọ́ra. Láti ìgbà yẹn, bátìrì méjèèjì ti di ọ̀kan, yálà wọ́n pa ọkọ̀ tàbí wọn ò pa á. Ọjọ́ méjì lábẹ́ àgbọn parí ìyókù. Fíríìjì irú yẹn ní ohun tó máa ń pa á kí bátìrì má baà gbẹ pátápátá, wọ́n sì lè yàn án sí òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Tiwọn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é ló yàn án bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tó wà lókè ó ń yára kú, oníbàárà sì ń ráhùn.

Iná tí wọ́n ń lò gan-an, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣírò rẹ̀ níwájú wọn. Fíríìjì 50 wáàtì, tó bá ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 14 nínú 24, á jẹ nǹkan bí 60Ah lójúmọ́. Fáànù méjì, 15 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti alẹ́ dé òwúrọ̀, 25Ah. Gílóòbù àti fóònù, bíi 8Ah. Àròpọ̀ rẹ̀ 93Ah. Bátìrì wọn jẹ́ 100Ah lóòótọ́, àmọ́ irú rẹ̀ kì í pẹ́ láyé tí wọ́n bá ń lò ó kọjá ìdajì, ìyẹn 50. Páńẹ́lì 150 wáàtì, lábẹ́ òrùn tó mọ́ gaara pàápàá, á dá nǹkan bí 40Ah padà lójúmọ́. Tí eruku ọyẹ́ bá wà lórí rẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Èyí ni pé ká tilẹ̀ ti gbé e sí gbangba, kò ní tó?" Mo ní kò ní tó, sà, ṣùgbọ́n ì bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i.

Wáyà ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, iṣẹ́ iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun. Kì í ṣe òun ló pa ọkọ̀, mo kàn rí i ni. Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Òde, omi kànga la fi fọ gbogbo abẹ́ ọkọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ohun tí mo yí padà kò pọ̀. Mo fi rìléè ńlá tó ń wo fóòtì rọ́pò kékeré yẹn: 140 ámpù, ó máa ń so wọ́n pọ̀ tí iná bá dé bíi 13.3, ó sì máa ń já wọn tó bá lọ sí 12.8. Wáyà tó nípọn, fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan. Mo yan ààbò fíríìjì sí òkè. Wọ́n ra páńẹ́lì 150 wáàtì kejì, mo sì kọ̀ láti gbé e sórí òrùlé. Mo ṣe ẹsẹ̀ onírin fún un, mo fún un ní wáyà gígùn, kí ọkọ̀ lè wà nínú ibòji kí òun sì wà nínú òrùn. Mo sọ fún wọn nípa bátìrì lithium, èyí tí èèyàn lè lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìpa á lára. Ó máa nílò ẹ̀rọ mìíràn tó ń ṣàkóso iná alternator. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye rẹ̀, Mọ́mì ní ọmọ Ìjẹ̀bú lòun, òun ò sì tíì ya wèrè.

Wọ́n tún gba ọ̀nà yẹn lọ nígbà Àjíǹde. Bàbá ń fi fọ́tò mítà ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, 12.4, 12.5, bí ọmọ iléèwé tó ń mú káàdì wá sílé. Ìta ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀ ni wọ́n gbé ọkọ̀ sí, páńẹ́lì kejì wà lórí yanrìn, ọmọdé abúlé kan sì gba iṣẹ́ yíyí i tẹ̀lé òrùn. Fáànù kan ló kù tí wọ́n ń tàn lóru, wọ́n sì ṣì ń jà lórí ibi tó máa kọjú sí. Ẹja tútù kò wọ fíríìjì mọ́; Mọ́mì ń gbé e fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní abúlé, ó ń san owó iṣẹ́ wọn, ó sì ní yíyan gan-an ló dára jù fún ìkòkòrè.